Ìgbà Tó Bá Kú Ni Kó O Bi Í: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́jọ Nínú RV Àtijọ́

Ọjọ́ Àìkú, Houston

Ọ̀la la máa gbéra. Fort Davis là ń lọ, ní ìwọ̀ oòrùn Texas lọ́hùn-ún, níbi tí ilé awòràwọ̀ McDonald wà lórí òkè. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́tàlá, kò sì sí alẹ́ kan tí kì í bi mí ní ìbéèrè nípa ìràwọ̀. Mo ti ṣèlérí fún un láti ọdún tó kọjá. Tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ Ẹtì ti wà lọ́wọ́ wa. Àwa márùn-ún là ń lọ: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ méjèèjì, àti ìyá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn. Bí 600 máìlì ni àlọ nìkan.

Ọkọ̀ onílé wa, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní RV níbí, la máa gbé lọ. Bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fíríìjì, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ ló wà lẹ́yìn dírẹ́bà. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣe é. Ẹ́ńjìnnì V8 lítà 7.5 ló wà níwájú ẹ̀, ó lágbára láti fa ilé gun òkè, ṣùgbọ́n ó ń mu epo: gálọ́ọ̀nù kan ò lè gbé wa ju máìlì méje tàbí mẹ́jọ lọ. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tún òrùlé ẹ̀ ṣe nígbà tó ń jò.

Àìsàn kan wà lára ẹ̀ ṣá. Lóṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, ó kú lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà Galveston. Kò ta gìrì, kò hu èéfín, kò kọ́kọ́ máa fà. Ó kàn kú ni, bí ìgbà tí wọ́n pa iná NEPA. Nígbà tó tó bí ogójì ìṣẹ́jú, ó jí, ó sì sáré délé láìṣe nǹkan kan. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní pọ́ǹpù epo ni. Ó pààrọ̀ ẹ̀, ó pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn, mo san 740 dọ́là. Láti ìgbà náà kò tíì kú mọ́. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹwàá la ṣe iṣẹ́ yẹn, ìgbà òtútù ló sì tẹ̀lé e. Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyẹn.

Mo yẹ gbogbo ibi tó yẹ kí n yẹ̀ wò lónìí: ọ́ìlì, omi rédíétọ̀, bẹ́líìtì, búréèkì, bátìrì méjèèjì. Mo rákò wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ ka nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. 3221 ló wà lára wọn, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2021 ni wọ́n ṣe wọ́n. Ẹni tó bá ní RV, kó má fi ojú ìtẹ̀ táyà tan ara ẹ̀ jẹ. Ọkọ̀ tó ń dúró lójú kan fún oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún, ọjọ́ orí ló ń pa táyà ẹ̀, kì í ṣe ìrìn.

Ìyàwó mi nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tó rí i pé mò ń yí ọkọ̀ po fún ìgbà kẹta, ó mú ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan jáde nínú báàgì ẹ̀. Ó ní, “Dádì wọn, bí aláìsàn bá wọ wọ́ọ̀dù wa, a máa ń ṣí ṣáàtì fún un. Ẹ jẹ́ kí n ṣí ti ọkọ̀ yìí.” Ó fa ìlà mẹ́rin sójú ewé àkọ́kọ́: àsìkò, ibi tí a wà, bí ooru ṣe tó níta, ohun tó ṣe.

Ọjọ́ Ajé, Houston sí San Antonio

A jáde láago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Ọ̀nà I-10 dára, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, pápá màlúù lọ́tùn-ún, pápá màlúù lósì. Ìyá mi jókòó síwájú, ó ń ka orúkọ ìlú bí a ṣe ń kọjá.

Luling la ti yà ra epo ní aago 12:15. A jẹ ìrẹsì àti dòdò tí ìyàwó mi dì wá, a pa ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Aago 12:50 la tún gbéra. Ní 12:57, ó kú.

Ẹni tí irú ẹ̀ ò bá tíì ṣẹlẹ̀ sí lè má mọ bí ọkọ̀ tó wúwo tó báyìí ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí ìrìn. Sítíárìn le bí òkúta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Búréèkì ṣì ń mú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ agbára ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo tan iná ìkìlọ̀, mo rọra darí ẹ̀ kúrò lójú títì pátápátá, mo sì lọ to àmì onígun mẹ́ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn wa. Pátákó kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kà 626. Láti ààlà New Mexico ni wọ́n ti ń ka máìlì I-10 ní Texas, nítorí náà bá a ṣe ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ńṣe ni nọ́ńbà ń dín kù.

Ooru ìta jẹ́ 97 lórí Fahrenheit. A dúpẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ò gbára lé ẹ́ńjìnnì. Mo tan án, AC orí òrùlé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ara ìyá mi sì tù ú.

Mo wá pe ọ̀gá mi. Kí n tó wọ Poly Ìbàdàn, ọdún méjì ni mo fi ṣe ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ wọn ní Òkè-Adó, ohun tí mo mọ̀ nípa ọkọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Aago méje alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ wọn. Mo kí wọn, mo ròyìn. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

“Kí lo ti rà?”

“Pọ́ǹpù epo àti fílítà, sà. Mò ń rò ó pé bóyá kí n ra kọ́ìlì báyìí.”

“Má ra nǹkan kan. Iná púlọ́ọ̀gì ló ń sá ni àbí epo?”

“Mi ò tíì mọ̀, sà. Ìgbà tí mo bá máa fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti jí.”

“Ohun tó ń ṣe ọ́ nìyẹn. Ìgbà tó bá jí lò ń bi í ní ọ̀rọ̀. Ìgbà tó bá jí, kò ní nǹkan kan láti sọ fún ọ. Ìgbà tó bá kú ni kó o bi í.”

Ní 1:33 ó jí. Mo ń ro ọ̀rọ̀ náà títí a fi dé San Antonio láìdúró. Ìyàwó mi kọ ọ́ pé: “12:57, máìlì 626, 97°, kú. Omi rédíétọ̀ ò gbóná jù. 1:33 jí.” Ó tún fi ìlà kan kún un tí èmi ò ronú kàn: “Ìṣẹ́jú 7 lẹ́yìn ìdúró.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, San Antonio sí Junction

Kí oòrùn tó mú, mo lọ sí ìsọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀. Wọ́n ń yáni ní irinṣẹ́ níbẹ̀, èèyàn á fi owó ìdúró sílẹ̀, bó bá dá a padà wọ́n á fún un lówó ẹ̀. Mo yá gẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi ń wọn agbára epo. Mo ra ohun kékeré kan tí wọ́n ń fi sáàrin púlọ́ọ̀gì àti wáyà ẹ̀, tí gílóòbù inú ẹ̀ máa ń tàn yẹ́ríyẹ́rí bí iná bá ń kọjá. Kò tó dọ́là mẹ́wàá. Bí mo bá ti ní nǹkan méjì yìí lọ́dún tó kọjá, 740 dọ́là mi ì bá ṣì wà nílé.

Lẹ́yìn San Antonio, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Boerne, Comfort, Kerrville. Wọ́n gé òkè sí méjì kí ọ̀nà lè gba àárín ẹ̀, ara àpáta funfun náà sì rí ní ìpele-ìpele bí búrẹ́dì tí wọ́n gé. Mo ń retí pé níbi gígun òkè yìí ló máa ti kú. Kò kú. Ooru ti lé ní 98, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, kò ṣe nǹkan kan rárá. Ìyàwó mi kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó ní ìgbà tí ara aláìsàn bá dá náà ṣe pàtàkì lórí ṣáàtì.

A dé ọgbà South Llano River, ẹ̀gbẹ́ Junction, láago mẹ́ta kọjá. Mo pa ọkọ̀, mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, ogún ìṣẹ́jú. Mo padà, mo tan án, a wakọ̀ dé ibi tí wọ́n fún wa. Bó ṣe ku díẹ̀ kí n pa á, ó pa ara ẹ̀.

Inú mi dùn! Mo sáré ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Lára irú ọkọ̀ yìí, àárín àga dírẹ́bà àti àga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni ìdérí náà wà, nínú ilé níbẹ̀. Ooru tó jáde lù mí lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín. Ihò tí gẹ́ẹ̀jì ń wọ̀ wà lára páìpù epo, ó dà bí ihò táyà, ìdérí kékeré kan sì wà lórí ẹ̀. Ìdérí yẹn gan. Mo fi aṣọ dì í mú, ó jó mi, mo wá púláyà, púláyà wà lábẹ́ ẹrù àwọn ọmọ. Ìgbà tí mo fi rí i tú, tí mo so gẹ́ẹ̀jì mọ́ ọn, tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ti jí. Ó ń kùn bí olóńgbò. Mo kan orí mi mọ́ sítíárìn fún ìgbà díẹ̀.

Bàbá òyìnbó kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa ti ń wò mí. Wọ́n mú pẹ́ẹ̀gì aṣọ onígi mẹ́fà wá, irú èyí tí a fi ń sá aṣọ, wọ́n ní kí n há wọn mọ́ páìpù epo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn, nítorí inú rere ni. Láyé kábúrétọ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, pọ́ǹpù máa ń fa epo láti ọ̀nà jíjìn, ooru lè mú kí epo hó nínú páìpù, kí ó di afẹ́fẹ́, kí ọkọ̀ sì kú. Àwọn àgbà gbà pé igi yẹn ń gba ooru lára páìpù. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tiwa ń ti epo wá láti ẹ̀yìn pẹ̀lú agbára tó sún mọ́ 40 psi, ìwọ̀n kan náà tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Epo tí wọ́n fún pa tó bẹ́ẹ̀ kì í déédéé hó. Síbẹ̀ mi ò lè sọ pé irọ́ ni, nítorí mi ò tíì wọ̀n ọ́n.

Lálẹ́, nígbà tí àwọn tó kù ti sùn, mo bi kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní ìbéèrè. Ọkọ̀ ọdún yẹn ò ní ihò tí èèyàn ń ki ẹ̀rọ bọ̀ bí ti òde òní. Pínnì tí wọ́n fi ń di ìwé ni mo nà, mo fi so ojú méjì pọ̀ lára wáyà ìdánwò tó wà lábẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì, mo yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, mo wá jókòó ka iná “check engine” bó ṣe ń ṣẹ́jú. Ọ̀kan, ìdákẹ́, ọ̀kan: ìyẹn 11, gbogbo nǹkan dára ní báyìí. Lẹ́yìn náà iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó túmọ̀ sí pé ohun tó wà nínú ìrántí ẹ̀ ló kù. Ọ̀kan, ìdákẹ́, mẹ́rin. 14. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. 14 túmọ̀ sí pé àmì tó ń wá láti dísítíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì), àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí iná ta, ti já lójijì nígbà kan rí.

Kò fi pọ́ǹpù sùn rárá. Mo fẹ́ jí ìyàwó mi, mo ronú pé kó sùn.

Ọjọ́rú, Junction sí Fort Stockton

Àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, mo so gẹ́ẹ̀jì mọ́ páìpù epo. Mo gba abẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì yọ rọ́bà ẹ̀ síta, mo fi téèpù lẹ ojú gẹ́ẹ̀jì mọ́ gíláàsì iwájú láti ìta, kí n lè máa rí i bí mo ṣe ń wakọ̀. Epo kò gbọ́dọ̀ wọ ibi tí èèyàn jókòó sí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kó má gba inú ilé. Mo fi gílóòbù kékeré yẹn sáàrin púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ àti wáyà ẹ̀. Ẹ̀rọ apaná wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tí a jókòó mu tíì, ìyàwó mi ṣí ìwé aláwọ̀ ewé. Ó ní, “Ẹ wò ó. Kì í kú lórí eré. Kì í kú lórí òkè. Lẹ́yìn ìdúró ló ń kú, nígbà tí a bá pa á díẹ̀ tí a tún tan án.” Mo wo ojú ewé náà títí. Òótọ́ ni. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì, omi rédíétọ̀ ń yí. Bí o bá pa á, gbogbo rẹ̀ dúró, ooru irin ńlá yẹn ò ríbi lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ bá ohun gbogbo tó wà lórí ẹ̀. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí a pa ẹ́ńjìnnì ni àwọn nǹkan orí ẹ̀ ń gbóná jù lọ.

Ṣùgbọ́n ooru kan náà ń mú epo, ó sì ń mú iná. Ìdí nìyí tí gẹ́ẹ̀jì fi gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Sonora, Ozona. Láti ibẹ̀ lọ sí Fort Stockton lé ní 100 máìlì, ilé epo ò sì pọ̀ láàrin. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé mo fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ kú. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ. Omi wà ńlẹ̀, àbí?” Omi wà ńlẹ̀, gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá.

Ní Ozona mo pa ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n gbáko. Ooru 102. A gbéra ní 1:40. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ojú gẹ́ẹ̀jì lórí gíláàsì ń gbọ̀n díẹ̀, ó wà lórí 38. Máìlì 360. 358. Ní 1:49, ó kú.

Ojú mi wà lára gẹ́ẹ̀jì nígbà tó kú. 38. Kò mì.

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo to àmì, mo ṣí bóńẹ́ẹ̀tì. “Yí i!” Ìyàwó mi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí gbì-gbì-gbì, gílóòbù kékeré náà ṣókùnkùn. “Tún un yí!” Ṣókùnkùn. Gẹ́ẹ̀jì, 38. Epo wà, iná ò sí. Láti oṣù Kẹjọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo mọ nǹkan kan nípa àìsàn ọkọ̀ yìí tí kì í ṣe àbá.

Lára dísítíríbútọ̀, níwájú ẹ́ńjìnnì, ni àpótí pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú kan wà, kò ju páálí sìgá lọ. Mọ́dúùlù iná nìyẹn, òun ló ń sọ fún kọ́ìlì pé kó ta iná. Ohun méjì ló lè fa kóòdù 14 pẹ̀lú àìsí iná: mọ́dúùlù yìí, tàbí ohun tó ń ka yíyípo nínú ikùn dísítíríbútọ̀ fúnra ẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin gbé yìnyín wá nínú kúlà. Mo rẹ aṣọ kan sínú omi yìnyín, mo fún un kó má kán, mo fi bo mọ́dúùlù nìkan, mi ò jẹ́ kó kan ibòmíì. Mo ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá. “Yí i.” Gílóòbù tàn yẹ́ríyẹ́rí, ẹ́ńjìnnì sì bú ramúramù.

Ogójì ìṣẹ́jú ló ti di mẹ́wàá. Ọmọ mi ń fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ I-10, mo ní kó padà sínú ọkọ̀.

Ìwé aláwọ̀ ewé: “1:49, máìlì 357, 102°, kú. Epo 38. Iná kò sí. Aṣọ tútù lórí mọ́dúùlù. 2:01 jí.” Mi ò pa ẹ́ńjìnnì mọ́ títí a fi wọ Fort Stockton.

Ọjọ́bọ̀, Fort Stockton

Ìsọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ ṣí láago méje ààbọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ní mọ́dúùlù náà ńlẹ̀, méjì. Mo ra méjèèjì, ọ̀kan fún ọkọ̀, ọ̀kan fún dúrọ́ọ̀ ibi ìpamọ́. Mo ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín 5.5 mílímítà, nítorí súkúrúù méjì tó di mọ́dúùlù mú jìn sínú, sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ò lè wọlé.

Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ àti ìyá mi lọ wo Paisano Pete, ère ẹyẹ ńlá tó wà lójú pópó níbẹ̀. Èmi dúró ti iṣẹ́.

Mo yọ okùn bátìrì. Mo yọ páìpù afẹ́fẹ́ tó bo iwájú. Mi ò tú dísítíríbútọ̀ fúnra ẹ̀, bí èèyàn bá yí i padà láìfi àmì sí i, ó ti ba táímìn jẹ́, ìyẹn àsìkò tí iná ń ta, ìyọnu míì ló fi kún ti tẹ́lẹ̀. Mo tú súkúrúù méjèèjì jẹ́jẹ́, wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mọ́dúùlù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà síwájú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Eyín mẹ́ta ló fi há mọ́ dísítíríbútọ̀ nínú, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á wá sísàlẹ̀ kí eyín náà yọ, kó tó mú un kúrò. Bó bá yára, eyín á ṣẹ́, á sì tú dísítíríbútọ̀ tipátipá.

Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà.

Ẹ̀yìn mọ́dúùlù irin ni, ibẹ̀ ni ooru inú ẹ̀ ń gbà jáde lọ sára dísítíríbútọ̀. Òróró funfun kan tó ki bí ògì ló yẹ kó wà láàrin irin méjèèjì, kí ooru lè kọjá, nítorí ojú irin méjì kì í pàdé dáadáa láìsí nǹkan láàrin. Lára tiwa, gbígbẹ ni. Ó gbẹ fúrúfúrú. Ní igun kan ṣoṣo ni mo rí àbàwọ́n funfun kan, ó ti di ìyẹ̀fun, mo fi èékánná ha á, ó fò lọ. Ẹnì kan ti pààrọ̀ mọ́dúùlù yìí nígbà kan, kò sì fi òróró sí i, tàbí kó jẹ́ pé ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló fi sí i. Ooru tó ń ti ẹ́ńjìnnì gòkè pàdé ooru tó ń ti inú àpótí yẹn jáde, kò sí ọ̀nà àbájáde fún ìkankan. Bó bá gbóná jù, ó dákẹ́. Bó bá tutù, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi ń bá a fà á.

Nínú páálí tuntun, wọ́n fi òróró náà sínú ọ̀rá kékeré. Irú ẹ̀ ló rọrùn láti gbàgbé sínú páálí. Mo nu ojú dísítíríbútọ̀ mọ́ títí irin fi ń dán, mo fi ìka tẹ́ òróró náà sẹ́yìn mọ́dúùlù tuntun, ó bo gbogbo ẹ̀ bí ìgbà tí a fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Mo tẹ̀ ẹ́ sókè, eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, mo dì í. Odidi iṣẹ́ náà ò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ.

Mo tan án. Mo fi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, mo pa á, mo dúró fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n tó ń pa á, mo tún tan án. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ọ̀sán ganrínganrín. Kò kú. Mo dá gẹ́ẹ̀jì padà ní ẹ̀ka ìsọ̀ náà, mo gba owó ìdúró mi.

Mo fi fọ́tò ẹ̀yìn mọ́dúùlù gbígbẹ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ padà: “O rí i? Ó sọ̀rọ̀.”

Ọjọ́ Ẹtì, Balmorhea àti Fort Davis

Balmorhea la kọ́kọ́ yà sí. Omi ìsun San Solomon ló ń sun sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ CCC, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi gba àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ síṣẹ́, kọ́ ní àwọn ọdún 1930. Nínú aṣálẹ̀ yẹn, omi tútù tó mọ́ gaara, tí èèyàn ń rí ẹja nísàlẹ̀ ẹ̀! Ìyá mi ká ìró wọn sókè, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n ò fẹ́ kúrò. Àwọn ọmọ wẹ̀ títí ìka wọn fi hunjọ. Wákàtí méjì ni ọkọ̀ fi wà nínú oòrùn. Ó jí ní ẹ̀ẹ̀kan.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà 17 gba àárín àpáta Limpia gòkè lọ sí Fort Davis. Ó ń gun, ó ń yí, mo ń fetí sílẹ̀. Ohun kan ń dún tí-tí-tí lọ́tùn-ún, bóòtù sáìlẹ́ńsà kan ló ti ṣẹ́ lára orí ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó di Houston.

Lálẹ́, lókè ní ilé awòràwọ̀, wọ́n pa gbogbo iná. Afẹ́fẹ́ tutù, a wọ súẹ́tà. Mi ò rí irú ojú ọ̀run bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní abúlé bàbá bàbá mi. Ọmọ mi obìnrin ò sọ̀rọ̀ rárá, ẹni tí kì í dákẹ́. Ó kàn gbé orí sókè, ó di ọwọ́ mi mú. Òṣùpá tín-ín-rín ń wọ̀ lọ, ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ń ṣàlàyé ní Venus ni.

Ìyá mi ní, “Àgùàlà nìyẹn.”

Ọmọ mi yíjú sí wọn. “Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Ta ni ò mọ àgùàlà? Ó ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá ẹ̀ ni. Kì í ṣe ajá òṣùpá.” Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ìyá tiwọn sọ fún wọn nípa ẹ̀, ọmọ mi sì fi ojú ọ̀run sílẹ̀, ó ń wo ẹnu wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Fort Davis

A sinmi. Láàárọ̀ a lọ wo bárékè àtijọ́ tí àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin Kẹsàn-án wọ̀ ní 1867. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rí omi. Lọ́sàn-án mo sùn, oorun tí mi ò tíì sùn láti Àìkú.

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀nà ilé

A gbéra láago méje. Ní Ozona, mo ní kí a dúró níbi tí a dúró sí lọ́jọ́rú, ní ilé epo kan náà. Ooru 103, ó fi ìwọ̀n kan ju ti ọjọ́ náà lọ. Mo pa ẹ́ńjìnnì. A jẹ́ kí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n pé. Mo tan án, a wọ I-10, nọ́ńbà ti ń gòkè báyìí nítorí ìlà oòrùn là ń lọ. Ìyàwó mi ṣí ìwé, ó mú bíírò dání. Ìṣẹ́jú méje. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó wo mí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún. Sonora hàn lọ́ọ̀ọ́kán.

Ó kọ ọ́ pé: “12:42, máìlì 396, 103°. Ó ń lọ.” Ó fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún aláìsàn tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ lọ sílé, ó sì fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, lórí mọ́dúùlù kejì.